Ìlù Yìí Ò Mí: Bí A Ṣe Lè Fi AI Gbé Ọwọ́ Èèyàn Sínú Bíìtì Orí Kọ̀ǹpútà

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ti ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé bíìtì kan lọ bá wọn pé kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí i. Wọ́n fi headphone sétí, wọ́n gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì yọ ọ́. "Ọmọ mi, ìlù yìí ò mí. Kò síbi tí mo lè gbà wọlé." Kick (ìlù ńlá tó ń dún gbì) tó wà níbẹ̀ lágbára, snare (ìlù tó ń dún gbà) rẹ̀ mọ́ gaara, kò sí ohùn kan tó fọ́. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló dúró ṣánṣán lórí ìlà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín àkókò, agbára kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró mí, ta ni yóò ráyè dá a lóhùn?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dán AI wò lórí ọ̀rọ̀ groove yìí, ìyẹn bí ìlù ṣe ń mí tó sì ń mú ara jó. AI wúlò gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ pinnu ẹni tó jẹ́ omele àti ẹni tó jẹ́ ìyáàlù nínú bíìtì wa. Bí a kò bá pinnu, ẹ̀rọ á kàn gbọn gbogbo ìlù pọ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gbọn igi, kò sì ní sí ẹni tó di ijó mú. Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kọ̀ǹpútà kan. Sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń ṣe orin: FL Studio ni tèmi, Ableton Live àti Logic Pro náà sì dára. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Magenta Studio, irinṣẹ́ AI fún orin tí ẹgbẹ́ Magenta ti Google ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè wà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo lù, ẹ ti rí èyí tó ṣòro jù.

Àpẹẹrẹ tí màá fi ṣàlàyé ni bíìtì ijó kan tó ń sáré ní 112 BPM (kíkà 112 nínú ìṣẹ́jú kan): kick, snare, hi-hat (àwo irin méjì tó ń padé), ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àkúbà. Bar kọ̀ọ̀kan ní kíkà mẹ́rin, kíkà kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ ìpín 16 nínú bar kan. Ní 112 BPM, kíkà kan gba nǹkan bí 536 ms, ìpín kan sì gba 134 ms. (Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ms kan.) Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí síbi tí ojú yín á ti máa rí i, a máa tún lò ó.

1. Ẹ yan omele kí ẹ tó ṣí AI kankan

Ẹ wo àwọn onídùndún. Gúdúgúdú àti ìṣáájú kì í kúrò lójú kan; ohun tí wọ́n ń lù ni wọ́n ń lù. Ìyáàlù ló ń rìn, ló ń sọ̀rọ̀, ló ń dákẹ́, ló ń padà wá. Bí ìyáàlù bá sún sẹ́yìn díẹ̀, adùn ni yóò jẹ́ létí wa, nítorí pé àwọn omele dúró, a sì mọ ibi tó ti sún kúrò. Bí omele náà bá sún, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sún. Ìlù á kàn dà bí ohun tó fẹ́ túká ni.

Nítorí náà, ẹ mú bébà. Ẹ pín àwọn ìlù inú bíìtì yín sọ́nà mẹ́ta: àwọn tí kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀, àwọn tó lè fara ti ẹ̀yìn díẹ̀, àwọn tó ní òmìnira. Nínú bíìtì tèmi, kick àti agogo ni omele. Kick gbọ́dọ̀ dúró nítorí ẹsẹ̀ oníjó, àti nítorí DJ tó máa fi orin mìíràn lé e. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti hi-hat ló ń fara ti ẹ̀yìn. Àkúbà àti àwọn snare kéékèèké tó wà láàárín ló ní òmìnira. Tiyín lè yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé bí AI bá ti dá ìlù padà fún yín tó sì dùn létí, ẹ lè gbàgbé ohun tí ẹ ń wá.

2. Ẹ tún ilé ṣe

Ẹ fi ìlù kọ̀ọ̀kan sí ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ pa gbogbo swing (bí sọ́fítíwíà ṣe ń fa ìpín kejì sẹ́yìn) tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ ní títọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ̀yin tó ń lo FL Studio, ẹ lọ síbi ètò iṣẹ́ yín, ẹ wo PPQ. 96 ló máa ń wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé FL pín kíkà kan sí ọ̀nà 96. Ní 112 BPM, ìṣísẹ̀ tó kéré jù lọ tí ìlù lè ṣí jẹ́ nǹkan bí 5.6 ms. Àwọn ohun tí a fẹ́ gbé wọlé yìí kéré jùyẹn lọ nígbà mìíràn. Ẹ sọ ọ́ di 960, ìṣísẹ̀ náà á wálẹ̀ sí bí 0.56 ms. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi rò pé AI ni kò ṣe dáadáa, tó jẹ́ pé PPQ ló ń gé gbogbo ohun tó ṣe kù.

3. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwòṣe AI tó wà nínú Magenta Studio fún iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní GrooVAE, ọdún 2019 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ní kí àwọn onílù lu ìlù oníná Roland TD-11, wọ́n sì gba ohun tí ọwọ́ wọn ṣe sílẹ̀: wákàtí 13.6, fáìlì MIDI 1,150, bar tó lé ní 22,000. MIDI kì í ṣe ohùn. Àkọsílẹ̀ ni, tó ń sọ ìlù tí wọ́n lù, ìgbà tí wọ́n lù ú, àti agbára tí wọ́n fi lù ú, láti 1 dé 127. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ gbogbo ìlù yẹn sórí ìlà ṣánṣán, wọ́n pa agbára rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ náà láti dá ohun tí wọ́n pa rẹ́ padà. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ wú mi lórí gan-an. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kó bá wa ṣe gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Àmọ́ ìlù mẹ́sàn-án péré ló mọ̀: kick, snare, hi-hat pípadé, hi-hat ṣíṣí, tom mẹ́ta (ìlù aláwọ), crash àti ride (àwo irin). Kò mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò mọ agogo, kò mọ àkúbà. Ìpín 16 ló sì fi ń ka ìlù, ìlù kọ̀ọ̀kan kì í dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìpín kan. Bí ẹ bá fún un ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń já wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, èyí tó yára ju ìpín 16 lọ á sọnù.

Ohun mìíràn tún wà. Kónkóló tí agogo wa máa ń lù, ìpín 12 ló ní, kì í ṣe 16. Bí àpẹẹrẹ, èyí tó bọ́ sórí ìpín 1, 3, 5, 8 àti 10 nínú 12. Bí ẹ bá gbé e fún GrooVAE, á fà á lọ sórí ìlà 16 tó bá sún mọ́ ọn, kónkóló á sì di nǹkan mìíràn. Irú ìlù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi ṣe é, tàbí ti onílù.

4. Ẹ yá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní orúkọ

Níwọ̀n bí ẹ̀rọ kò ti mọ ìlù wa, a óò fi orúkọ ìlù tó mọ̀ pè é. Ẹ gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sórí nọ́ńbà tí MIDI fi ń pe hi-hat pípadé, ìyẹn 42, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń kún àárín kíkà. Agogo lọ sí ride, 51. Àkúbà ńlá lọ sí tom ìsàlẹ̀, 45. Kékeré lọ sí tom òkè, 50. Kick wà ní 36, snare ní 38. Bí ẹ bá ní hi-hat àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pa pọ̀, ẹ má fi méjèèjì sórí 42 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: ti ìkínní pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ti ìkejì pẹ̀lú hi-hat.

Ẹ gbé bar mẹ́rin jáde ní MIDI. Ẹ ṣí Magenta Studio, ẹ yan Groove, ẹ gbé fáìlì náà sí i. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní temperature. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á ṣe ohun tó dá a lójú. Bó bá ga, á máa dá àṣà. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ ní kó ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ padà wá sínú sọ́fítíwíà yín, ẹ gbọ́ wọn pẹ̀lú ohùn ìlù yín gan-an. Èyí tó dùn pẹ̀lú ohùn ìlù òyìnbó lè má dùn pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ kejì tó wà níbẹ̀ ni Drumify. Òun á gba ìlù kan ṣoṣo tí ẹ fi ìka lù, á sì fi odindi ìlù yí i ká. Ó dára nígbà tí ẹ bá ní ọwọ́ àkúbà kan tó wù yín, tí ẹ kò sì mọ kick tó yẹ kó bá a rìn.

5. Ẹ dá omele padà sípò

Bébà tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ gbé e jáde. AI ti ṣí gbogbo ìlù nípò. Ẹ mú kick àti agogo, ẹ dá wọn padà sórí ìlà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi agbára tí AI fún wọn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dún ni a dá padà, agbára wọn kò sí lára rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí ni mo mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ohun tí bàbá yẹn ń sọ.

Ẹ wá wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí AI bá fà á sẹ́yìn jù, ẹ dín in kù. Nọ́ńbà swing lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. 50% túmọ̀ sí pé ìpín kejì bọ́ sí àárín gan-an, kò sí swing. Bó bá di 56%, ní 112 BPM, ìpín kejì á pẹ́ tó nǹkan bí 16 ms. Ní 66% ó ti di ìlù ìdá mẹ́ta pátápátá, ìpín kejì ti pẹ́ ju 40 ms lọ. Fún irú orin ijó tí mo ń ṣe, àárín 53 àti 57 ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ijó á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

6. Ẹ gba ọwọ́ èèyàn sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣeé fọ̀pá na, ọwọ́ la fi ń lù ú. Ọwọ́ yẹn ni kí ẹ lọ bá. Èmi padà lọ bá bàbá náà, mo fi kick àti agogo nìkan sí wọn létí, mo gbé fóònù síwájú wọn, wọ́n sì lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sórí Slicex nínú FL, tó máa ń gé ohùn síbi tí ìlù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, mo wá fara balẹ̀ wo ibi tí ìlù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. (Nínú Ableton, ẹ tẹ ohùn náà, ẹ yan Extract Groove, á lọ sínú Groove Pool, ẹ ó sì lè yí Timing, Velocity àti Random rẹ̀ padà.)

Ohun tí mo rí rèé. Nínú kíkà kọ̀ọ̀kan, ìpín kìíní wà lójú ìlà. Ìpín kejì àti ìkẹrin pẹ́, àárín 10 sí 18 ms. Ìpín kẹta sì yára bíńtín, bí ẹni tó fẹ́ kí a tètè dé ibì kan. Agbára náà ní ìlànà tirẹ̀: ńlá, kékeré, àárín, kékeré. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé bó ṣe rí ní bar kejì ló rí ní bar ogún. Àìtọ́ bàbá náà kò yí padà. Ohun tí wọ́n ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ni, fún bí ogójì ọdún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má gbára lé bọ́tìnnì humanize tó kàn ń da ìlù rú bó ṣe wù ú. Ohun tó bá ń yí padà láìnídìí kò lè mú ẹsẹ̀ mì, nítorí ara kò mọ ibi tó máa retí rẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ má jẹ́ kó ju 3 ms lọ, orí àwọn ìlù tó ní òmìnira nìkan.

Bó bá jẹ́ ohùn ẹgbẹ́ olórin yín lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ ní, tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, AI tún wúlò níbẹ̀. Demucs tí Meta ṣe á yà á sọ́nà mẹ́rin: ohùn orin, ìlù, bass, àti ìyókù. FL Studio ti ní irú rẹ̀ láti 21.2 ní ọdún 2023, Logic Pro sì ní Stem Splitter láti 2024. Ẹ ṣọ́ra fún gángan: torí pé ó ń yí ohùn padà bí èèyàn, ó lè bọ́ sọ́nà ìyókù, apá kan rẹ̀ sì lè tẹ̀ lé ohùn orin. Ẹ gbọ́ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ẹ sanwó fún onílù tí ẹ gba ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn á wà nínú orin yín kódà bí a kò bá gbọ́ ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Kí ẹ tó gba ohunkóhun sílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó ṣe orin náà.

7. Ẹ fi ọwọ́ náà sórí ìyókù

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí, ẹ lè fi ọwọ́ sún àwọn ìlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ ní kí chatbot kan (AI tí a ń bá sọ̀rọ̀) kọ kóòdù Python kékeré fún yín pẹ̀lú mido, irinṣẹ́ Python tó ń ka fáìlì MIDI. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́: "Ka fáìlì MIDI yìí. Ní 112 BPM, fa ìlù nọ́ńbà 42 tó bá wà ní ìpín kejì àti ìkẹrin sẹ́yìn ní 14 ms, gbé ti ìpín kẹta síwájú ní 4 ms. Má fọwọ́ kan 36 àti 51. Jẹ́ kí agbára wọn jẹ́ 96, 54, 74, 50." Ó ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má bi chatbot pé báwo ni groove ṣe yẹ kó rí. Etí àti ẹsẹ̀ yín ló máa sọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ agbára yìí ṣe pàtàkì. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo, kí agbára kéré á kàn jẹ́ kó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, a ó sì tún gbọ́ pé ẹ̀rọ ni. Ẹ gba ohùn mẹ́ta ó kéré tán láti ara ohun tí onílù lù fún yín: èyí tó lù gan-an, èyí tó gbọ̀n jẹ́jẹ́, èyí tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá nídìí. Ẹ to wọ́n tẹ̀lé agbára.

Bass kẹ́yìn. Bí bass bá bọ́ pẹ̀lú kick, kó dúró pẹ̀lú kick. Níbi tí ó bá ti dá rìn, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó pẹ́ bó ṣe pẹ́.

8. Ẹ dán an wò láìwo ojú kọ̀ǹpútà

Ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé bíìtì náà sórí fóònù, ẹ rìn lọ sí yàrá kejì, ẹ sì gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Ẹ gbé èyí tó tọ́ ṣánṣán, tí ẹ ti pa mọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn méjèèjì kó ga bákan náà, torí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń tan etí jẹ. Ẹ wá ẹni tó mọ ijó jó, ẹ má sọ nǹkan kan fún un, ẹ wo èjìká rẹ̀. Bí èjìká bá mì kí bar kẹrin tó parí, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé orí nìkan ló ń mì, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ wo omele.

Èmi gbé tèmi padà lọ bá bàbá náà lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìdánrawò. Mo ti pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n fi headphone sétí, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di bar kẹta, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ àga, wọ́n gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sì wọlé.